Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀dọ́langba Máa Ka Ìwé Tí Kò Ní Ìdánwò Nínú

Lọ́dọọdún, ọ̀dọ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni wọ́n ń ní kó ka ìwé ìtàn kan ṣoṣo ní Nàìjíríà. Àjọ JAMB ló ń yan ìwé náà, ìbéèrè mẹ́wàá ló sì ń ti inú rẹ̀ jáde nínú ìdánwò Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti ka Sweet Sixteen ti Bọ́lájí Abdullahi, wọ́n ti ka The Life Changer ti Khadija Abubakar Jalli, kó tó wá kan The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba ní 2025. N kò bá JAMB jà, nítorí ó sàn kí ọmọ ka ìwé kan ju kó má ka ọ̀kankan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìtàn nítorí ìbéèrè mẹ́wàá, orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú ló ń há sórí. Ọ̀pọ̀ kì í tilẹ̀ ṣí ìwé náà, àkékúrú rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Bí ìdánwò bá ti parí, ìwé náà parí nìyẹn. Ìgbádùn ló ń sọ ọmọ di òǹkàwé, kì í ṣe máàkì, ìyẹn gan-an ni a kò sì fún àwọn ọ̀dọ́langba wa láyè láti tọ́ wò.

Ó yẹ kí Ìlúpéjú ní Èkó jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Industrial Avenue níbẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé Academy Press wà, òpópónà yẹn kan náà ni Macmillan Nigeria fi ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1977, Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pè ní Pacesetters. Director! tí Agbo Areo kọ ló ṣíwájú. The Smugglers ti Kalu Okpi àti Evbu My Love ti Helen Ovbiagele wà lára àwọn tó tẹ̀lé e. Ìtàn ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìtàn fàyàwọ́ wà níbẹ̀, ìtàn amí náà wà. Ìwé náà kò nípọn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò le, àwọn ìlú tí òǹkàwé mọ̀ ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó ń fi ìdánwò dẹ́rù bani kí wọ́n tó kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ń yá a lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń kà á lábẹ́ tábìlì títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya.

Bákan náà ló rí nínú èdè Yorùbá. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lápàdé jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ Ó Le Kú ní 1974, ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ kì í fẹ́ gbé e sílẹ̀. Adùn ìtàn ló fa àwọn òǹkàwé, èdè sì bá adùn wọlé.

Àwọn òbí kan yóò ní ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn ọ̀daràn ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí ọmọ a máa fara wé ohun tó bá rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka Ó Le Kú dópin mọ̀ pé Àjànì kò fi ayọ̀ jáde nínú fífẹ́ obìnrin mẹ́ta papọ̀. Ìwé ń jẹ́ kí ọmọ rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láìjẹ pé òun fúnra rẹ̀ jìyà rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan lórí fóònù kì í dúró dé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìtàn òrìṣà àti iwin kò bá ìgbàgbọ́ mu. Ṣùgbọ́n Kristẹni ni Fágúnwà tó kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Tomi Adeyemi, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde, òrìṣà Yorùbá kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àwọn ọ̀dọ́langba ilẹ̀ òkèèrè sì ń rà á wìtìwìtì. Kí ló dé tí ọmọ Mushin yóò fi jẹ́ àlejò nínú ìtàn tó ti ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀ wá?

Àwọn kan tún ní ìfàkókòṣòfò ni, pé ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló kàn. Nínú ìdánwò PISA tí àjọ OECD ṣe fún àwọn ọmọ ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè 32 ní 2000, àwọn ọmọ tí iṣẹ́ òbí wọn rẹlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà gidi, gba máàkì ìwé kíkà ju àwọn ọmọ tí iṣẹ́ òbí wọn ga jù ṣùgbọ́n tí wọn kò bìkítà fún ìwé lọ. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè náà, kò sì dá a lójú pé ìfẹ́ ìwé nìkan ló fa ìyàtọ̀ ọ̀hún. Síbẹ̀, ọmọ tí kò lè ka ojú-ìwé mẹ́wàá láì sú u, báwo ni yóò ṣe lóye ìbéèrè sáyẹ́ǹsì tó gùn?

Owó ló kù. Ìwé tuntun ti wọ́n, ìkànnì OkadaBooks tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ka ìtàn lórí fóònù sì ti kógbá sílé láti òpin oṣù kọkànlá 2023. Ṣùgbọ́n ìwé àlòkù ṣì wà ní Yábàá, ìwé kan sì lè yí kíláàsì ká láàárín sáà kan. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ka ìwé tó wù ú, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ tẹ ìtàn pẹlẹbẹ, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe ti ìdánwò. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ìwé ìtàn lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ yín, ẹ má gbà á. Ẹ bèèrè ibi tó kà á dé.