Ẹ̀yin Ará Ìbà, Ẹ Jẹ́ Ká Ní Wọkitọ́kì Kí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Lọ

Ẹ̀yin láńlọ́ọ̀dù Iba Estate, ẹ̀yin ayálégbé Òkókómáíkò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASU, ẹ̀yin ọlọ́jà Alaba, ẹ̀yin onímọ́tò àti onímárúwá Ìyànà-Ìbà, gbogbo yín ni mò ń bá wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Àdó, ní ìtòsí wa níbí. Ó ju ogún ènìyàn lọ tó kú. Ilé wó lọ súà, ilé-ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College náà wó, Sister Henrietta Alokha tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ sì kú níbi tó ti ń du ẹ̀mí àwọn ọmọ.

Èyí tó ṣáájú ìyẹn tún burú jù ú lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè Ìkẹjà gbiná. Bọ́ǹbù ń dún, ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ènìyàn ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kọrí sí Òkè-Àfà, wọ́n já sínú kánààlì tí wọn kò rí. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tó kú nínú ìjàǹbá yẹn, omi ló sì pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ti dé iwájú, tó ti rí omi, kò ní ọ̀nà tó lè gbà sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé, "Ẹ má gba ibí o!" Gbólóhùn kan péré ni. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni, àwọn tó ní i kò pọ̀.

Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, a sì rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, okùn fáíbà já ní ibi mélòó kan, ọ̀pọ̀ oníbàárà MTN kò sì lè pe ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, àwọn okùn abẹ́ òkun já ní ìtòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kò sí ìjàǹbá kankan ládùúgbò wa lọ́jọ́ méjèèjì. Bó bá wá ṣe pé tańkà ṣubú lójú títì Badagry lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Kódà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù ń pè lẹ́ẹ̀kan. Wọkitọ́kì yàtọ̀: bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì tí ẹ sọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì yín ló gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí másìtì, láìsí káàdì, láìsí dátà.

N kò ní kí ẹ ju fóònù nù. Wọkitọ́kì yín kò lè dé ọ́fíìsì LASEMA, àjọ tó ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní Èkó. 112 àti 767 lẹ ó ṣì pè. Iṣẹ́ wọkitọ́kì ni láti wá ẹni tí fóònù tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ rí, kí ó bá gbogbo àdúgbò pè, kí àwọn yòókù sì mọ ọ̀nà tí wọn kò gbọdọ̀ gbà. Ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí àwọn agbébọn jí Oníbà, ọba ìlú wa, gbé, tí wọ́n sì gba ojú omi lọ. Ìlú tí ojú omi rẹ̀ ṣí sílẹ̀ báyìí nílò ẹni tó lè ké sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ti èyí tí ẹ ó rà, ẹ má jẹ́ kí páálí tàn yín. Wọ́n á kọ ọ́ sí i pé ó ń dé kìlómítà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ilé ti fara kan ilé bíi tiwa, kìlómítà kan sí méjì ni kí ẹ fọkàn sí. Ibi gíga ló ń gbé ohùn jìnnà ju owó lọ. Ẹni tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á gbọ́ ẹni tí ará ìsàlẹ̀ kò lè gbọ́, nítorí náà kí a bẹ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ní ilé gíga kí wọ́n gbà wá láyè láti fi ẹnì kan síbẹ̀, kó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èyí, kó máa sọ ọ́ fún tọ̀hún. Fún ọlọ́dẹ àti àgbàlagbà, Baofeng BF-888S ni mo fara mọ́: ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló ní, kò sí bọ́tìnì nọ́ńbà tí ọwọ́ lè ṣèèṣì tẹ̀ tí ètò rẹ̀ á fi dàrú. Baofeng UV-5R ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló tọ́ sí. Ẹ ra oríṣi kan náà fún gbogbo àdúgbò kí bátìrì ọ̀kan lè wọ èkejì, kí ẹ sì ní bátìrì kejì nílẹ̀. Èyí tó ń gba iná lára pawabáǹkì ló dára jù, torí iná NEPA. Alaba kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó: kí ẹnì kan dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì máa rìn lọ títí ohùn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ṣùgbọ́n o, ẹ má kàn tàn án kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ lo ìgbì rédíò gba àṣẹ, ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. UV-5R lè sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí àwọn ọkọ̀ òkun ń lò, Apápá àti Tin Can kò sì jìnnà sí wa. Bárékè ológun wà ní Ọjọ́ níbí. Ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ àwọn yẹn rú ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) kan má dá a ṣe. Kí gbogbo wa kọ ìwé kan ṣoṣo sí NCC, kí alága LCDA Ìbà ṣíwájú rẹ̀. Ẹ sì pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nigeria Amateur Radio Society kí wọ́n wá kọ́ wa. Nígbà tí ìjì Maria ba Puerto Rico jẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, tí fóònù dákẹ́, irú wọn ní Amẹ́ríkà ni Red Cross bẹ̀ lọ́wẹ̀, ó ní òun fẹ́ àádọ́ta ènìyàn.

Ìdánrawò ló ṣe pàtàkì jù. Wọkitọ́kì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ìfowóṣòfò ni. Kí a yan alẹ́ kan lọ́sẹ̀, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dáhùn ìpè. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á sọ nù. Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ń pè, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ sọ ibi tí ẹ wà, lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀: "Estate, Estate, Ìyànà-Ìbà ló ń pè. Tańkà ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Volks, epo ń dànù. Kí ẹnikẹ́ni má dáná. Ẹ pe 767. Ó tán." Kí ẹ jáwọ́ lára bọ́tìnì, kí ẹ gbọ́ èsì. Ẹ má sì sọ àṣírí níbẹ̀ o, olè náà lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ìpàdé CDA tó ń bọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ kí wọ́n tó ka owó oṣù ọlọ́dẹ. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nílé, tí kì í lọ sí Èkó lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọmọ LASU tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ wá bá wa to ṣánẹ́ẹ̀lì. Owó wọkitọ́kì méjì kò tó ti fóònù Android kan. Ẹ dá a jọ, kí ìwé wa sì kúrò ní Ìbà lọ sí NCC kí ọdún yìí tó parí.