Àdá Ni Ẹ̀yìnkùlé Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Májèlé

Bí ẹni tó ti Èkó tàbí òkè òkun dé bá ra ilé àtijọ́ kan ní Ìjurin-Èkìtì lónìí, ohun àkọ́kọ́ tó sábà máa ń bá pàdé ni ẹ̀yìnkùlé tó ti di igbó kìjikìji. Ohun kejì ni ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́: kí ó ra gálọ́ọ̀nù kẹ́míkà kan, kí ó pe ọmọkùnrin tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó, kí ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìmọ̀ràn náà rọrùn, ó sì burú.

Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé kí wọ́n má ro ẹ̀yìnkùlé. Igbó tó bá ti kan ògiri ilé, paramọ́lẹ̀ àti eku ló ń gbà lálejò. Ibà Lásà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tó sì gba orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno, eku ló ń gbé e wọlé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá Èkìtì pààlà sì wà lára àwọn tí ibà náà ń yọ lẹ́nu jù ní Nàìjíríà. Nígbà ayé àwọn wolé-wolé, ẹni tí koríko bá bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lè fojú ba ilé-ẹjọ́. Àdá àti ọkọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá wo ohun tó wà nínú gálọ́ọ̀nù náà. Paraquat wà lára àwọn kẹ́míkà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí mọ̀ jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́, kò sì sí aporó fún un. Láti ọdún 2007 ni lílò rẹ̀ ti di èèwọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà nínú wọn nígbà náà. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ṣe é ní Huddersfield fún títà sí òkè òkun: ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fín sí ilẹ̀ tiwọn, wọ́n dì í ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Àjọ NAFDAC fòfin de kíkó o wọlé àti ṣíṣe é ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin ti wà. Mélòó nínú àwọn tó ń rà lọ́jà ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò?

Àwọn kan yóò ní glyphosate ni àwọn ń lò, kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kò le tó paraquat. Ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí àríyànjiyàn yẹn máa lọ. Ọmọkùnrin tó pọn ẹ̀rọ kò lè dúró de ìparí rẹ̀: sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wọ ìbọ̀wọ́, aṣọ àkísà ló fi bo imú, afẹ́fẹ́ sì ń dà á padà sí i lójú.

Ẹ̀yìnkùlé kì í sì í ṣe oko. Kànga wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò kò mọ̀ pé ilé ti yí ọwọ́ padà. Bó ṣe ń jẹ koríko ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe máa jẹ ẹ́. Ìyá àgbà ilé kejì sì lè ti máa já ebòlò àti ewúro níbẹ̀ láti ọdún tí ilé ti ṣófo. Kódà ewé tí wọ́n ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú, tó bá irúgbìn igi gmelina wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937, ní ìwúlò tirẹ̀. Orúkọ náà bá a mu, nítorí bí wọ́n ti ń lé e ló ń padà. Ṣùgbọ́n omi ewé yìí kan náà ni àgbẹ̀ tó bá fi àdá ṣe ara rẹ̀ léṣe ń fún sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Èyí tó wá lágbára jù ni pèrègún. Àlejò rí igi lásán. Àwọn tó bí onílé rí ààlà. Ẹni tó bá gé e lulẹ̀ láìbèèrè ti gbin ẹjọ́ ilẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì kórè rẹ̀. Sàréè àwọn àgbà náà lè wà lábẹ́ igbó yẹn, kí ẹni tó tà á má sì rántí sọ.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, májèlé kì í parí iṣẹ́. Koríko tó pa kì í wó lọ. Ìdúró ló ń gbẹ sí. Eku ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ejò kò sì torí kẹ́míkà kó lọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, iná díẹ̀ ti tó. Bí òjò bá ṣáájú, ilẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti kú ni àgbàrá yóò gbá, orí òkè bíi ti Èkìtì kò sì jẹ́ kí àgbàrá rìn jẹ́jẹ́. Ilé alámọ̀ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá ti yọ síta kò ní pẹ́ béèrè owó tó ju ti alágbàṣe lọ.

Alágbàṣe wọ́n lóòótọ́, àwọn ọ̀dọ́ kò sì fẹ́ roko mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí owó ra ilé kò lè sọ pé owó ọjọ́ mẹ́ta fún ọkùnrin méjì ló wọ òun lọ́rùn. Kí ó kọ́kọ́ pe aládùúgbò tó dàgbà jù wá, kí onítọ̀hún fi ọwọ́ júwe ààlà, kànga àti sàréè. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ bàtà òjò, kí wọ́n máa pariwo, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri lọ síta, kí ejò lè rí ọ̀nà sá gbà. Ọkọ́ ni kí wọ́n fi hú ìdí eèsún, kí wọ́n sì kó koríko tí wọ́n bá ṣán sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dípò kí wọ́n dáná sun ún.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò náà ní òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Kí wọ́n má dúró di ìgbà tí májèlé bá wọ kànga ẹnìkan. Kí wọ́n wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, kí wọ́n ka ohun tó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kó èyí tí òfin ti lé kúrò lórí àtẹ.