Ẹ Ṣírò Ọ̀nà Méjèèjì Kí Ẹ Tó Yàn

Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ọmọ Oòduà tí wọ́n fi Houston, Chicago, Baltimore àti Atlanta ṣe ibùgbé: ọ̀rọ̀ ìwé owó orí, èyí tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀ kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin tó kọjá. Nínú ìwé yìí ni ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì: kí ìjọba tó bu owó orí lé owó tí ó wọlé fún wa, ṣé iye àfilélẹ̀ tí òfin ti dá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní standard deduction, ni kí a yọ kúrò nínú rẹ̀, àbí kí a jókòó ka àwọn ìnáwó tí òfin fọwọ́ sí lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní itemize? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni òfin gbà kí ènìyàn tọ̀ lọ́dún kan, ẹni tí ó bá sì ṣi ọ̀nà yàn, àpò rẹ̀ ni yóò fi jìyà rẹ̀.

Ìṣirò ni ọ̀rọ̀ yìí, iyì kò sí níbẹ̀. Mo ń rí àwọn ará wa tí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ti ra ilé, tí ó sì ń san ìdámẹ́wàá, ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tí ń mú iye àfilélẹ̀. Mo sì ń rí àwọn mìíràn tí wọ́n ti ń mú iye náà láti ọdún tí wọ́n ti dé ìlú òyìnbó, tí ilé ti kún, tí gbèsè ilé ti gorí ìnáwó wọn, síbẹ̀ tí wọn kò tún bojú wò ó mọ́. Ìgbàgbọ́ mi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yan èyíkéyìí láìjẹ́ pé ó ti ṣírò méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ọdún 1913 ni àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti gba owó orí lórí owó tí ń wọlé, ṣùgbọ́n àwọn olówó díẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná, tí owó orí di ti mùtúmùwà, àwọn aṣòfin rí i pé kò rọrùn fún òṣìṣẹ́ tí ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ bí oníṣòwò ńlá. Nítorí èyí, òfin ọdún 1944 dá iye kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yọ láìfi rìsíìtì kankan hàn. Ní ọdún 2017, dọ́là 6,350 ni iye náà fún ẹni tí ó dá wà, ó sì jẹ́ 12,700 fún tọkọtaya tí wọ́n jùmọ̀ kọ ìwé. Òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láti ọdún 2018. Lórí owó tí ó wọlé ní ọdún 2025, ó ti di 15,750 fún ẹni tí ó dá wà, 23,625 fún ẹni tí ó ń dá gbọ́ bùkátà ilé àti ọmọ láìní ọkọ tàbí aya, àti 31,500 fún tọkọtaya. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ń kọ ìwé owó orí ní Amẹ́ríkà lónìí, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni ó ń mú iye àfilélẹ̀. Kí òfin náà tó dé, nǹkan bíi méje péré ni.

Àwọn ìnáwó tí ènìyàn lè kà lẹ́sẹẹsẹ kò sì pọ̀ bí a ti rò. Èlé orí gbèsè ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kìkì lórí dọ́là 750,000 àkọ́kọ́ nínú gbèsè tí a bá jẹ láti ìparí ọdún 2017. Owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ìlú wà níbẹ̀, èyí tí òfin kò jẹ́ kí ó kọjá 10,000 láti ọdún 2018 títí di 2024, ṣùgbọ́n tí ó ti gòkè dé 40,000 ní ọdún 2025 fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju 500,000 lọ. Ọrẹ fún ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti owó ìwòsàn, kìkì èyí tí ó bá ju ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún ni lọ ni ó wúlò, èyí sì ni kì í jẹ́ kí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá wọlé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan ní Houston ṣe àpẹẹrẹ, tí dọ́là 150,000 wọlé fún àwọn méjèèjì ní ọdún 2025. Wọ́n san èlé ilé 12,400. Wọ́n san owó orí ilé àti ilẹ̀ 8,000. Níwọ̀n bí ìpínlẹ̀ Texas kò ti gba owó orí lórí owó tí ń wọlé, òfin gbà wọ́n láyè láti ka owó orí ọjà, tiwọn sì jẹ́ 1,500. Wọ́n fún ìjọ wọn níbẹ̀ ní 6,000. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 27,900 ni. Ilé ńlá, ọrẹ ìjọ tí kò yẹ̀, owó orí ilé tí ń mú ni làágùn, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò tó 31,500 tí òfin ti fi sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá fi agídí ka ìnáwó wọn, àyọkúrò 3,600 ni wọn yóò sọ nù, àti pé ní ìpele tí owó wọn wà, níbi tí ìjọba ti ń mú dọ́là 22 nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là 792 gidi ni yóò bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo nọ́ọ̀sì kan tí ó dá wà ní Maryland, tí dọ́là 120,000 ń wọlé fún lọ́dún. Ìpínlẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ gba 9,000 lọ́wọ́ rẹ̀, owó orí ilé rẹ̀ jẹ́ 5,000, èlé gbèsè ilé 14,500, ọrẹ 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30,000, nígbà tí iye àfilélẹ̀ tirẹ̀ kò ju 15,750 lọ. Bí ó bá mú iye àfilélẹ̀ nítorí pé ohun tí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí ó ń gbé yàrá kan nìyẹn, owó orí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ni yóò fi san jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ọmọ káàárọ̀-oò-jíire jù lọ ni ti owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé. Owó oògùn ìyá ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, owó ilé ìwé àbúrò ní Ìlọrin Àfọ̀njá, páànù òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, sìmẹ́ńtì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ìnáwó ìsìnkú baba tí ó fọwọ́ rọrí ní ògbó, àgbá aṣọ àti oúnjẹ tí a di sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó: gbogbo èyí ni à ń ṣe, tí a sì ń fi iṣẹ́ òru ṣe é. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òfin owó orí Amẹ́ríkà gbà kí a kà. Owó tí a fún ènìyàn kan, bí ó ti wù kí ó ṣe aláìní tó, kò wọlé. Ọrẹ tí a fi ránṣẹ́ tààrà sí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà kò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3) ní Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń pàṣẹ lórí owó tí ó wọ àpò rẹ̀, ọrẹ tí a fún un wọlé, kódà bí ó bá fi kọ́ ilé ìwòsàn fún wa nílé. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ kò tí ì gba ìwé ẹ̀rí yìí, tí ẹ sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú lọ́dọọdún, ẹ̀ ń fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n.

Nítorí pé owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé yìí kò wọlé, àwọn kan wà tí ń bá ènìyàn kọ ìwé owó orí, tí wọn yóò ní kí a fi ara balẹ̀, àwọn mọ bí àwọn yóò ṣe kà á mọ́ ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sá fún irú wọn. Ọrẹ owó, ó kéré ni, ó pọ̀ ni, gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ báńkì tàbí ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbà á. Bí ó bá tó 250 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwé ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kí a tó fi ìwé owó orí ránṣẹ́. Ẹni tí ó gba owó láti bá ni kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ nọ́ńbà tí ìjọba fún un sí i. Èyí tí ó bá kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ní ìdá kan nínú owó tí ìjọba bá dá padà ni òun yóò gbà, kì í ṣe ẹni a lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí ó bá sì bá a, ìtanràn lè jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí a san kù, tàbí 75 bí wọ́n bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe jìbìtì ni. Orúkọ ẹni tí ó ni ìwé ni wọn yóò sì pè.

Àwọn méjì kan wà tí òfin kò fún láyè láti yàn bí ó ti wù wọ́n. Tọkọtaya tí wọ́n kọ ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà: bí ọ̀kan bá ka ìnáwó lẹ́sẹẹsẹ, èkejì kò lè mú iye àfilélẹ̀, nítorí náà kí wọ́n fikùn lukùn kí wọ́n tó gbé kálàmù. Èkejì ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti Nàìjíríà, tí òfin ṣì ń kà sí àlejò ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Iye àfilélẹ̀ kò tọ́ sí i rárá, kò sì sí àdéhùn owó orí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tí ó lè yọ ọ́.

Ọgbọ́n tí kò ní irọ́ nínú sì wà. Ní Texas, oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń fi ìwé owó orí ilé ránṣẹ́, àyè sì wà láti san án títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tí ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ san án, tí kì í ṣe báńkì ni ó ń bá a san án, lè san ti ọdún tí ó kọjá ní oṣù Kìn-ín-ní, kí ó sì san ti ọdún tuntun ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Bí tọkọtaya Houston bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2026, 27,900 wọn yóò di 35,900, èyí tí yóò borí 32,200 tí í ṣe iye àfilélẹ̀ tọkọtaya fún ọdún 2026, kódà lẹ́yìn tí òfin tuntun bá ti dín díẹ̀ kù nínú ọrẹ wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọn yóò padà sí iye àfilélẹ̀. Láti ọdún 2026 kan náà, ẹni tí ó mú iye àfilélẹ̀ lè fi ọrẹ owó tí kò ju 1,000 lọ kún un, tàbí 2,000 fún tọkọtaya. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ju rìsíìtì ìjọ nù.

Ẹ̀yin ará mi, òógùn ojú yín ni owó yìí. Ẹ mú bébà kan, ẹ fa ilà sí àárín rẹ̀, ẹ kọ iye àfilélẹ̀ sí apá kan, ẹ ka ìnáwó tí ẹ ní ẹ̀rí rẹ̀ sí apá kejì, èyí tí ó bá pọ̀ jù ni kí ẹ mú. Ẹ má ṣe fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀ fún ìjọba, ẹ má sì ṣe fi ohun tí kò tọ́ sí yín kún un.