Ọ̀gá ni Ẹni Tí Ń Gbé Orin Ró

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn tí ń ṣe ìwé Guinness, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó ta yọ ní gbogbo ayé sí, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí oníbéèsì kankan nínú orin jáàsì tí a tíì gba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó ti Ron Carter, ọmọ Amẹ́ríkà, nítorí pé ìgbà 2,221 ni wọ́n ka orúkọ rẹ̀ lára iṣẹ́ orin tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé tọmọdé tàgbà ni yóò mọ ọkùnrin náà, àti pé orúkọ rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ràn orin. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá kó àwọn àwo orin wọ̀nyí jọ, tí a sì ń wo èèpo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ Miles Davis ni a óò rí níhìn-ín, ti Herbie Hancock lọ́hùn-ún, ti Wayne Shorter, ti Aretha Franklin, ti Roberta Flack. Orúkọ Carter yóò wà lẹ́yìn, nínú lẹ́tà wínníwínní, níbi tí ojú ẹni tí ó ra àwo kì í sábà dé. Àwọn olórin ni ó mọ̀ ọ́n, àwọn náà ni kò sì yéé pè é láti ọdún dé ọdún. Ọ̀rọ̀ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí ó dá mi lójú pé a kò díwọ̀n iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ: ẹni tí ń gbé orin ró ni a ń pè ní ọmọ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ni.

Béèsì tí mo ń wí kì í ṣe gìtá tí a ń fi okùn kọ́ èjìká. Igi ńlá ni, ó ga ju ènìyàn lọ, orí irin ṣóńṣó kan ni ó sì ń dúró lé nílẹ̀. Okùn mẹ́rin ni ó ní, wọ́n nípọn, wọ́n sì le. Ọwọ́ òsì ni a fi ń tẹ̀ wọ́n mọ́ ọrùn igi náà, ìka ọwọ́ ọ̀tún ni a sì fi ń fà wọ́n. Kò sí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kankan lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí ó wà lọ́rùn gìtá, tí ìka fi lè mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan gbé wà; etí ni afinimọ̀nà, bí ìka bá sì yà díẹ̀ kúrò lójú ibi tí ó yẹ, ohùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ orin jáàsì, ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni ìlù ń rìn, oníbéèsì a sì máa fi ohùn kan sórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìsinmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Lára ohùn wọ̀nyí ni onílù ti ń mọ bí ìrìn ṣe yá sí, lórí wọn náà ni ẹni tí ń tẹ dùùrù ń gbé ohùn tirẹ̀ lé. Bí onídùùrù bá tẹ ohùn mẹ́ta kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí oníbéèsì sì yí ohùn abẹ́ padà ní ẹ̀ẹ̀kejì, orin náà ti di mìíràn létí ẹni tí ń gbọ́ ọ: èyí tí ó fajú ro lè rẹ́rìn-ín, ẹni tí ń fọn fèrè níwájú yóò sì rí i pé ọ̀nà tí òun kò retí ti là fún òun.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ẹni tí ń lu ìyá ìlù ni gbogbo ojú ń wò, nítorí òun ni ó ń fi ìlù ki ọba, ki ìjòyè, tí àwọn ènìyàn sì ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú, tí a fi okùn kọ́ ọrùn, tí a sì ń fi ọ̀já awọ méjì lù, bá dákẹ́ lójijì, ẹni tí ń lu ìyá ìlù yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 1937 ni a bí Ron Carter ní Ferndale, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó wà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ cello, ìbátan fayolíìnì tí a ń gbé sáàárín orúnkún ta, orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù ni ó sì fọkàn sí. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Cass Technical ní Detroit, ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń wá ọmọ tí yóò ta ohun èlò níbi àpèjẹ tàbí ìpàdé, àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà mọ̀ ọ́n ta. Ó sì tún rí i pé ẹni tí ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ eléré ilé ẹ̀kọ́ náà ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, ó wá rí i pé bí òun nìkan bá ni oníbéèsì tí ó kù nílẹ̀, òun náà ni wọn yóò pè, wọn ìbáà fẹ́, wọn ìbáà kọ̀. Bí ó ṣe gbé cello jù sílẹ̀ nìyẹn. Ó gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ orin Eastman ní Rochester ní ọdún 1959, ó sì gba òmíràn lé e ní Manhattan School of Music ní ọdún 1961. Ìgbà tí ó wà ní Rochester ni Leopold Stokowski, gbajúmọ̀ adarí orin tí ẹgbẹ́ eléré ńlá ìlú Houston wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà náà, gbọ́ bí ó ti ń ta á. Ó yìn ín, ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso ẹgbẹ́ náà kò tíì ṣe tán láti gba ènìyàn dúdú.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀nà kan kò bá dí, òmíràn kì í là, ọ̀nà jáàsì sì là gbòòrò fún Carter. Síbẹ̀, èmi kò ní torí pé ibi tí ọ̀ràn já sí dára kí n wá pe ìwà ìkà ní oore. Ọmọ tí ó kún ojú òṣùwọ̀n ni wọ́n torí àwọ̀ ara rẹ̀ dù ní ipò tí ó tọ́ sí i, àbùkù ìwà náà sì wà lọ́rùn àwọn tí ó hù ú títí di òní.

Ohun kan wà nínú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ ọmọ Yorùbá nínú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kò tíì ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ, Randy Weston, olórin jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà tí ń tẹ dùùrù, kó ẹgbẹ́ ńlá jọ ní New York láti gba àwo Uhuru Afrika sílẹ̀, èyí tí ó fi ń bá ilẹ̀ Áfíríkà yọ ayọ̀ òmìnira. Carter, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó ta béèsì níbẹ̀, George Duvivier sì ni èkejì; Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, sì wà láàárín àwọn onílù. Béèsì ọmọ Michigan àti ìlù ọmọ Àjídò jọ wà nísàlẹ̀ orin kan náà.

Ní ọdún 1963, ẹgbẹ́ Art Farmer, afunfèrè kan, ni Carter wà nígbà tí Miles Davis, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri ayé, wá sọ fún un pé kí ó wá bá òun ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ìbá fò mọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ láìwẹ̀yìn wò. Carter dá a lóhùn pé òun ti bá Farmer ṣe àdéhùn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Bí Davis bá lè tọrọ òun lọ́wọ́ Farmer, tí ìyẹn sì yọ̀ǹda, òun yóò lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò parí ohun tí òun bẹ̀rẹ̀. Davis tọrọ rẹ̀, Farmer sì yọ̀ǹda. Ìwà lòrìṣà, bí a bá ti hù ú ní í fi í gbeni. Ẹni tí àwọn yòókù yóò fi gbogbo ara gbára lé nígbà tí iná bá tàn lórí ìtàgé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ nígbà tí iná bá kú; iṣẹ́ béèsì kò sì gba aláìlétò.

Ó wà lọ́dọ̀ Davis títí di ọdún 1968, pẹ̀lú Herbie Hancock nídìí dùùrù, pẹ̀lú Tony Williams tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nígbà tí ó jókòó ti ìlù lọ́dọ̀ wọn, àti pẹ̀lú Wayne Shorter tí ó gbé fèrè rẹ̀ dé ní ọdún 1964. Ẹni tí ó bá ṣì ń jiyàn pé ìránṣẹ́ lásán ni àwọn tí ó dúró lẹ́yìn, kí ó wá Nefertiti gbọ́, orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1967. Àwọn afunfèrè méjèèjì, Davis àti Shorter, kò dá ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Orin kan náà ni wọ́n ń fọn, wọ́n parí rẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Abẹ́ wọn ni ìyípadà wà: onílù ń ru sókè, onídùùrù ń já wọlé, ó ń já jáde, Carter sì ń fa ohùn gígùn sílẹ̀ kí ó tó tún yára lọ síwájú, tó bẹ́ẹ̀ tí orin kan náà kò fi dún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí a kà sí ẹ̀yìn ni ó sọ ìtàn orin yẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a ṣe díẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ọgbọ́n náà. Lórí First Take, àwo àkọ́kọ́ tí Roberta Flack ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1969, béèsì Carter ni ó ṣí orin àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí olórin tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n nínú The First Time Ever I Saw Your Face, tí ó wà lórí àwo kan náà, tí ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1972, orin ń rọra lọ pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, àlàfo gbalasa ni ó sì wà láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Aláṣehàn ìbá ti fi ìka kún gbogbo àlàfo wọ̀nyẹn. Carter fi í sílẹ̀ fún ohùn obìnrin náà, nítorí ó mọ̀ pé òun kọ́ ni ó ni ọjọ́ náà. Nígbà tí ó di ọdún 1991, tí àwọn ọ̀dọ́ A Tribe Called Quest, tí ń ṣe orin ráàpù, ń ṣe àwo The Low End Theory, òun ni wọ́n wá bẹ̀ pé kí ó wá ta béèsì fún àwọn, ó sì lọ bá wọn, ẹni tí ó lè bí wọn lọ́mọ.

Àwọn kan yóò wí pé, bí ó bá jẹ́ ọ̀gá lóòótọ́, kí ni kò jẹ́ kí ó ṣe tirẹ̀? Ó ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1961 ni ó ti gba àwo Where? sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, Eric Dolphy, tí òun náà jẹ́ afunfèrè, sì bá a ṣe é. Ó darí ẹgbẹ́ tirẹ̀, ó kọ orin, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní City College ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí a fi èyí gbè é, bí ẹni pé àwo tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn 2,221 yẹn. Bí àwọn tí ó lórúkọ jù lọ láyé nínú iṣẹ́ kan bá ń du ẹnì kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọgọ́ta ọdún, ẹ̀rí wo ni a tún ń wá pé ó mọ iṣẹ́? Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí igbá bá sì dé orí, ọwọ́ méjèèjì ni ó yẹ kí a kí.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, orúkọ aṣíwájú ẹgbẹ́ jùjú, ti àpàlà àti ti fújì ni a mọ̀, a sì ń kì wọ́n tòrí tòrí. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè iye elégbè, oníbéèsì àti onílù wọn tí a lè dárúkọ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, mo bẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àwo, ẹ máa kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó bá yín ṣe é síbi tí ojú yóò ti rí i. Ẹ̀yin aṣíwájú ẹgbẹ́, ẹ san owó wọn pé, ẹ sì san án lásìkò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ máa dárúkọ oníbéèsì bí ẹ ti ń dárúkọ olórin. Ìwọ tí o ń ka ìwé ìròyìn yìí náà, nígbà tí o bá tún gbé orin tí o fẹ́ràn sí i, fi etí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì wádìí orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀.