Ìrẹsì Díndín àti Ìkókóre

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa, ibi ìnáwó wo ni a lè lọ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ lóde òní tí a kò ní bá ìrẹsì díndín níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni ọgbọ́n dídín in ti wá. Kọ́rì tí ó sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi wé èròjà ọbẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà.

Àwa kò bínú sí àdàlù. Nelson Wang, ọmọ Ṣáínà tí a bí sí Kolkata ní Íńdíà, ni a kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ se adìẹ Manchurian, ní Bombay, ní 1975. Ó mú ayù, atalẹ̀ àti ata tútù bí ará Íńdíà ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n omi sóyà, èròjà àwọn baba rẹ̀, ni ó dà sí i. Kò fọ́ ìkòkò baba rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ewùrà ń bẹ lóko, ẹja ọ̀sà ń bẹ lọ́jà Ẹ̀pẹ́. Nígbà wo ni a gbé ìkókóre ka iwájú àlejò pàtàkì kẹ́yìn? Àwọn mìíràn nínú àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń rin ewùrà! Ẹ̀yin olóyè, nígbà ìwúyè tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ìkókóre ṣáájú. Bí ó bá sì wu alásè, kí ó kán omi sóyà sí i.