Ọyẹ́ Kì í Ṣe Àlejò ní Èkìtì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kan, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ sínú ìwé ìdánwò bí ẹni pé àṣẹ ọba ni: pé nínú ìtàn àròsọ Yorùbá, ẹ̀dá burúkú ni gbogbo iwin, àti pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dínà mọ́ ọdẹ lọ. Àwọn mìíràn tún fi kún un pé iwin òtútù, irú èyí tí ó ń ṣe àṣìṣe ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́, ohun òyìnbó ni, nítorí pé òjò-dídì kì í rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tọ̀nà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ọ ni ó sì ń pa lára.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá jí ní ìdájí nínú oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní ní Ìkẹ́rẹ́ yóò rí i pé kùrukùru ti bo orí òkè Olósùnta. Ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùré, àwọn àgbà a máa yáná, àwọn ọmọ a máa fi òrí tàbí àdín pa ara. Síbẹ̀ ètè a máa là, àtẹ́lẹsẹ̀ a sì máa sán. Ta ni ó ṣe èyí? Ọyẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tí ó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni, tí ó ń gbé eruku láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta. Ta ni yóò wá sọ pé ilẹ̀ Yorùbá kò ní ìgbà òtútù tí a lè fi pìtàn?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé afẹ́fẹ́ lásán ni, pé kì í ṣe iwin, kí ó wo àkọsílẹ̀. Nínú ìwé tí A. B. Ellis, ọ̀gágun òyìnbó, kọ nípa àwọn Yorùbá ní 1894, ó ka Ọyẹ́ mọ́ àwọn òrìṣà. Ó ní òmìrán ni. Pé àwọn kan ní inú ihò kan ní àríwá Ìlọrin ni ó ń gbé, àwọn mìíràn sì ní orí Òkè Ìgètí ni. Ó kéré tán, ní 1894, Ọyẹ́ ti ní orúkọ, ó ti ní ara, ó sì ti ní ilé. Kí ni òǹkọ̀wé tún ń wá?

Ìwà ni yóò kù, ìwà náà sì wà lójú gbogbo ènìyàn. Ọyẹ́ ni ó ń bá àgbẹ̀ gbẹ kòkó tí ó sá síta, òun ni ó ń bá obìnrin gbẹ èlùbọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń gbẹ koríko tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣáná kan ṣoṣo lè jó oko ọdún márùn-ún. Ó fẹ́ gbẹ aṣọ, ó gbẹ ètè mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó wúwo, inú rẹ̀ kò burú. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ti Ọyẹ́ ni pé ọwọ́ méjèèjì ni ó ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Iwin aláàánú tí kò mọ agbára ara rẹ̀ nìyí, kò sì sí ẹni tí a yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn alátakò yóò ní àbùkù ni fún ẹ̀mí pé kí ó máa ṣe àṣìṣe, kí ọmọdé sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ǹjẹ́ wọ́n ti gbàgbé Ọbàtálá? Ìtàn sọ pé nígbà tí Olódùmarè rán an láti wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu yó, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn sọ pé ẹmu náà ni ó mú kí ó mọ àwọn kan ní abuké àti aláàbọ̀ ara. Síbẹ̀ àwọn olùsìn rẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Ẹmu ni wọ́n kọ̀, wọ́n sì ń pe àwọn tí ó mọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni òrìṣà. Ẹ̀sìn tí ó lè gba àṣìṣe Ọbàtálá mọ́ra kò ní í wó nítorí pé Ọyẹ́ fẹsẹ̀ kọ.

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún ni gbogbo olùdíje máa ń tọ́ka sí. Kí ló dé tí wọn kì í rántí Ìrànlọ́wọ́, tí ó ṣe Àkàrà-Oògùn lóore nínú igbó kan náà? Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, olùkọ́ sì ni. Ilé ìjọ C.M.S. ni ó tẹ ìwé náà. Bí ìjọ kò bá bẹ̀rù iwin nígbà náà, kí ni ó ń dẹ́rù ba olùkọ́ lónìí?

Wọ́n yóò tún ní ó rọrùn láti tú ìtàn òyìnbó. Ìtumọ̀ kò burú. Ní 1957, Tove Jansson ará Fínlándì kọ ìwé kan nípa ìgbà òtútù ìlú rẹ̀. Ẹ̀dá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Groke: ibi tí ó bá jókòó sí a dì, gbogbo ẹ̀dá a sì sá fún un. Ooru ni ó ń wá. Nígbà tí ó dé ìdí iná, ó jókòó lé e, iná sì kú. Ìtàn tí ó dùn ni. Ṣùgbọ́n òtútù ilé Jansson ni ó fi kọ ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ fara wé e, ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe kí ó da òjò-dídì sórí Ìkẹ́rẹ́, kí ó sì fi irùngbọ̀n òwú sí àgbọ̀n Bàbá Kérésìmesì.

Olówè ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, ti fi ọ̀nà hàn. Lára ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 àti 1914, èyí tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum báyìí, ó gbẹ́ òyìnbó tí àwọn aláàárù gbé dé. Kò lé àlejò sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọnà Èkìtì ni ó fi gbẹ́ ẹ, ọba sì jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé ṣe.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí yóò bá fún àwọn ọmọ ní àròkọ nínú oṣù Kejìlá ní kí wọ́n kọ nípa Ọyẹ́. Kí olùdíje tí ó rí iwin aláàánú nínú ìwé má ṣe bẹ̀rù láti kọ ọ́ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá lè tọ́ka sí ibi tí ó ti rí i. Kí ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò má sì ṣe yọ máàkì rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé ìkà ni gbogbo ẹ̀dá inú ìtàn àwọn bàbá rẹ̀, tí ẹni rere sì ti òkèèrè wá, kì í ṣe lítíréṣọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Ìtìjú ni wọ́n kọ́ ọ.