Ta Ni Yóò Bá Àlejò Ṣọdún?

Èmi kì í sábà kọ nǹkan gígùn síbí. Ìwé Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré, àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣì máa ń dà mí láàmú. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti oṣù kìn-ín-ní, n kò sì fẹ́ kó kú sí mi nínú.

Kíláàsì CM1 ni mò ń kọ́ ní Ko-Koumolou níbí. Ọmọkùnrin méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti CI. Bàbá ọ̀kan ń bọ Egúngún, ilé èkejì jẹ́ ilé àdúrà. Bí aago ìsinmi bá lù, inú abọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rẹ gààrí sí. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní, mo rí i pé ọ̀kan ti kó ìwé rẹ̀ lọ sẹ́yìn kíláàsì. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í léèrè ohun tó dé. Ó ní, "Olùkọ́, wọ́n ní bí mo bá tún jẹun ilé wọn, ẹ̀mí òkùnkùn máa bá mi wálé."

Oníwàásù kan tó wá láti ọ̀nà jíjìn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn níbi ìpàdé àdúrà. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó dé àdúgbò wa. Kò gbọ́ Gún, kò gbọ́ Nàgó, ògbufọ̀ ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ó ti mọ ilé tí ọmọ wa lè jẹun àti ilé tí kò gbọdọ̀ wọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Kirisẹ́ẹ́nì ni èmi náà, ọmọ Àgùdà ni mí. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wàásù. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wa, báwo ni wọ́n ṣe gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn? Ta ló ń fún wọn lómi? Ta ló bá wọn ṣọdún?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó jìnnà. Àwọn àgbà wa mọ orúkọ Bọ́mà, torí pé àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà jà níbẹ̀ nígbà ogun Hítílà. Ilẹ̀ ẹlẹ́sìn Búdà ni. Ní ọdún 1813, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Adoniram Judson bá ìyàwó rẹ̀ dé ibẹ̀ láti wàásù. Èdè ló kọ́kọ́ jókòó kọ́. Ọdún 1819 ni ẹnì kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ gbà gbọ́ tó ṣe ìrìbọmi. Ọdún mẹ́fà gbáko nìyẹn! Ní ọdún yẹn kan náà ló kọ́ àgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, irú àgọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn máa ń kọ́ kí èrò ọ̀nà lè sinmi, ó sì ń jókòó síbẹ̀ láti bá ẹni tó bá yà sọ̀rọ̀. Àṣà wọn ló mú lò. Ọdún 1834 ló parí títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wọn.

Títí di òní, ẹ wo ilẹ̀ Táílàǹdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá níbẹ̀, ó lé ní mẹ́sàn-án tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà. Ọjọ́ 25 oṣù kejìlá kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ìjọba lọ́dọ̀ wọn. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó bá ń gbé ibẹ̀ yóò jí ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, yóò sì rí i pé ọjà ń ná, ọ́fíìsì ṣí, àwọn àlùfáà Búdà sì ń gbé abọ́ kiri ní ìdájí láti gba oúnjẹ bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n tí oṣù kẹrin bá dé, tí wọ́n ń ṣe ọdún tuntun tiwọn tí wọ́n ń pè ní Songkran, gbogbo ìlú ló máa ń da omi síra wọn lára. Bí òun náà bá jáde, wọn ò ní bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀ kí wọ́n tó rọ omi sí i lára. Kí ni yóò ṣe? Ṣé yóò tìlẹ̀kùn mọ́ra ni, àbí yóò bá wọn rẹ́rìn-ín? Ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀ lóṣù kejìlá, òun náà yóò sì máa wo ọ̀nà bóyá aládùúgbò kan máa yà wá kí i.

Ilẹ̀ tiwa náà rí bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má gbàgbé. Àgbádárìgì kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejìlá ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó padà sí Àgbádárìgì ní ìrọ̀lẹ́ ọdún Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe ọdún náà. Kò sí òfin tó sọ ọjọ́ yẹn di ìsinmi nígbà náà. Àwọn tó ni ilẹ̀, tó ni omi, tó ni ọjà, òrìṣà ni wọ́n ń bọ. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta iṣu fún àlejò torí ẹ̀sìn rẹ̀, kí ni Freeman ìbá jẹ? Ṣódẹkẹ́ kì í ṣe Kirisẹ́ẹ́nì, àmọ́ òun ló fún ìgbàgbọ́ ní ibi tó fìdí lé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó àti ẹrù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ẹrù ilé wọn ni wọ́n ń tà kí wọ́n lè rówó ra oúnjẹ, ohun tí ará Ìbàdàn ń jẹ ni àwọn náà ń jẹ. Ta ni wọ́n rò pé ó ń ra ẹrù wọ̀nyẹn, tó sì ń ta oúnjẹ fún wọn? Aládùúgbò ni, ọ̀pọ̀ wọn kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Nítòsí wa, ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Fadá Francis Aupiais ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1903 ló dé Dàhòmì. Kò kàn jókòó sínú ọgbà míṣọ̀n. Ó wádìí àṣà àwọn ènìyàn, ó dá ìwé ìròyìn *La Reconnaissance africaine* sílẹ̀ ní 1925 kí àwọn òyìnbó lè mọ̀ pé a ní ọgbọ́n tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1930, òun àti ayàwòrán kan ya fíìmù nípa ayẹyẹ ilẹ̀ wa, títí kan ti ìbílẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan nínú ìjọ rẹ̀ bínú sí i nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ yan aṣojú lọ sílé ìgbìmọ̀ ní Paris ní 1945, òun ni wọ́n yàn fún Dàhòmì àti Tógò. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá ní Kùtọnu dòní. Àwọn tó ń pariwo pé gbogbo nǹkan wa jẹ́ ti èṣù náà kún ilẹ̀ nígbà náà. Mélòó nínú wọn la rántí orúkọ rẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní Bíbélì sọ pé ká má jẹ ẹran tí wọ́n fi bọ òrìṣà. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Kọ́ríńtì dáadáa. Pọ́ọ̀lù kan náà ní bí aláìgbàgbọ́ bá pè ọ́ wá jẹun, tó o sì fẹ́ lọ, kí o jẹ ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ láì ṣe ìwádìí. Ìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ẹbọ ni, ìgbà yẹn ni kí o fi í sílẹ̀. Kò sọ pé kí o má dé ilé rẹ̀. Kò sọ pé kí o gba bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ.

Kí n má fi igi gún ẹnì kan ṣoṣo lójú, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin onísẹ̀ṣe náà. Nígbà mìíràn ẹ máa ń kéde orò ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ CM2 ń múra ìdánwò CEP sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ò ní lè jáde. Ọmọ tiyín náà wà nínú wọn. Òmìnira tí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ìjọ, ẹ fún ọmọ ìjọ náà ní tirẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní 1997, wọ́n sọ ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní di ìsinmi fún gbogbo wa. Iléyá náà, ìsinmi ni. Kérésìmesì náà, ìsinmi ni. Ní òdìkejì Ìgólò, lọ́wọ́ Ìdírókò, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe lóṣù kẹjọ. Ìjọba lè fún wa ní ìsinmi, kò lè fún wa ní aládùúgbò. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe ní kíláàsì. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè nílé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọdún tiwọn, kó wá fi èdè ilé rẹ̀ sọ ọ́ fún wa. Ọmọ kan sọ ti Ìtúnu Àwẹ̀, ọ̀kan sọ ti Sẹ̀lẹ́, ọmọ eléégún sọ bí wọ́n ṣe ń kí àwọn baba ńlá rẹ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ di ọsàn mẹ́jọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ìyá ọmọ náà pé orí igi ló ti já a, kò gbé e dé ojúbọ.

Ọmọ náà gba ọsàn, ó sì ti padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tún dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí oníwàásù wa: ẹ kọ́ èdè wa ná. Ẹ jókòó pẹ̀lú wa, ẹ kí wa kú ọdún, kẹ́ ẹ tó sọ fún ọmọ wa ilé tí kò gbọdọ̀ wọ̀. Àlejò ni yín níbí, bí Freeman ti jẹ́ àlejò ní Àgbádárìgì. Tí Kérésìmesì bá dé, tí ilé yín sì jìnnà, ẹ mọ̀ pé ìyá ọlọ́sàn yẹn wà lára àwọn tó máa gbé abọ́ wá kí yín. Ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún un?

Èrò tèmi nìyẹn o. Ẹ̀yin náà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ládùúgbò tiyín? Ẹ sọ fún wa, ká jọ kọ́gbọ́n. Ire o.